Ọmọ mi ló ṣe sítíkà ọmọ ọlọ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún pa á rẹ́ torí ojú ń tì mí. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé-ìwé, ìyá ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló sábà máa ń wá ké gbàjarè. Èmi, ìyá ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Àkọ́bí mi, obìnrin ni, ọmọ ọdún 15, SS1 ló wà. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà ni, ó wà ní kúáyà, òun ló ń mú àbúrò ẹ̀ lọ sílé-ìwé, mi ò gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ rí. Fóònù mi ló fi ń wọ gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn. Lọ́jọ́ Sátidé mo fẹ́ fi sítíkà "ẹ káàárọ̀" ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ni mo bá rí ojú ọmọkùnrin kan láàárín àwọn sítíkà mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó rún ojú pọ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé NẸ́TÍWỌ̀KÌ TI LỌ. Mo fọwọ́ sún un sókè, òmíràn tún nìyẹn, ọmọ kan náà. Níbi tó ti ń jẹun. Níbi tó ti ń dá sọ̀rọ̀. Níbi tó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo kà á, ó jẹ́ mọ́kànlá.

Mo pè é, mo ní ta nìyí? Ó ní "Mummy, T ni, kíláàsì wa ló wà, autistic ni, gbogbo èèyàn ló máa ń fi í ṣeré, òun náà máa ń bá wa rẹ́rìn-ín." Autistic ni wọ́n ń pe ẹni tó ní ọ́tísìm, ìyẹn ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ń gba ohùn àti ọ̀rọ̀ èèyàn wọlé lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ní ta ló ṣe àwọn nǹkan yìí? Kò fèsì. Mo tún un bi, ó wá ní òun ló ṣe mẹ́ta níbẹ̀, pé ti nẹ́tíwọ̀kì yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, mo rí i.

Kí n má purọ́, nǹkan mìíràn ló ń dùn mí ju sítíkà lọ. Nígbà tí T ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí kíláàsì wọn ní JSS2, ọmọ mi sọ fún mi pé tíṣà ní kí òun máa jókòó tì í. Èmi yìí ni mo gbé fóònù tí mo pe tíṣà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi gbé e kúrò níbẹ̀, a ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn, kó má lọ gbá a létí lójijì. Mo sọ ọ́ lójú ọmọ mi, ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́.

Bàbá ẹ̀ ní eré ọmọdé ni, pé àwọn náà pe ẹnì kan ní Olórí Ńlá títí wọ́n fi ṣe WAEC, kò sì pa á. Àbúrò ẹ̀ ọmọ ọdún 11 náà ti ń bú èèyàn kiri ilé pé "ṣé acoustic ni ẹ́ ni?", mo kọ́kọ́ rò pé gìtá ló ń sọ, àṣé orí TikTok ni wọ́n ti kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi autistic bú èèyàn tí tíṣà ò fi ní fura nìyẹn.

Ó dáa, ìbéèrè mi rèé. Ṣé kí n mú un lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá T? Ṣé kí n lọ bá púrínsípà? Àbí kí n kàn pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kí n sì gba fóònù? Mo fẹ́ kó yé e ni o, mi ò fẹ́ kó kàn máa bẹ̀rù mi.

---

Bàbá Òkè-Odò

Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò tó nǹkan tí èèyàn ń kọ ìwé lé lórí. Ẹgba méjìlá, kó fi orúnkún rìn yíká ilé, ó parí. Láyé tiwa ta ló gbọ́ ọ́tísìm? Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fọ́mọ yìí náà ló ń fà á, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́.

---

Nọ́ọ̀sì Kékeré

Bàbá, ẹ má bínú sà, èyí tẹ́ ẹ fi kádìí ẹ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Ọdún 1998 ni dókítà kan ní London kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, ọmọ 12 péré ló fi ṣe é, ìgbà tí wọ́n tú iṣẹ́ ẹ̀ wò wọ́n rí màgòmágó níbẹ̀, wọ́n fa ìwé náà padà lọ́dún 2010, wọ́n tún yọ orúkọ òun fúnra ẹ̀ kúrò láàárín àwọn dókítà. Àti pé láyé tiyín náà wọ́n wà o sà. Ọdún 1943 ni dókítà kan, Leo Kanner, ti kọ̀wé lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 11 ní Amẹ́ríkà. Níbí, emèrè la kàn ń pè wọ́n, tàbí ká ní orí wọn ò pé, ká tì wọ́n mọ́ yàrá ẹ̀yìn tí àlejò bá dé.

---

Màmá Ọmọ Gíga (Ìkòròdú)

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mi ò ní tàn yín, inú bí mi bí mo ṣe ń kà á, mo ní láti dìde lọ fọ abọ́ ná kí n tó padà wá fèsì.

Ọmọ tèmi ti pé 17, òun náà ní ọ́tísìm. Ẹ jẹ́ n mú "òun náà máa ń bá wa rẹ́rìn-ín" yẹn. Nígbà tó wà ní JSS3, tó bá dé láti ilé-ìwé á ní "Mummy, mo ṣe ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín lónìí." Inú ẹ̀ á máa dùn. Màá ní kí lo ṣe? Á ní òun ò mọ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé tí gbogbo èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín tí òun nìkan ò rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i, ló bá kọ́ ẹ̀rín bí a ṣe ń kọ́ tébù, méjì méjì mẹ́rin. Ti sítíkà náà, wọ́n ṣe tiẹ̀. Ó máa ń fi wọ́n pa mọ́, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́, ó rò pé wọ́n fún òun lẹ́bùn ni. Ó tó ọdún kan kó tó wá jí mi lóru ọjọ́ kan tó ní "Mummy, ṣé wọ́n fẹ́ràn mi ni àbí wọ́n kàn ń fi mí ṣeré?" Mo ní kó lọ sùn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ti etí tó dì yẹn, etí ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan o, ó ń gbọ́ nǹkan ju bí ẹ̀yin ṣe ń gbọ́ ọ lọ ni. Agogo ilé-ìwé, jẹnẹrétọ̀, ìlù ní àsẹ́ńbìlì, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ọmọ tó ń pariwo níta, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń rọlẹ̀ fún èkejì. Ẹ rò ó wò pé ẹ jókòó sídìí sípíkà ní òde ìnáwó, ọ̀gá yín wá dúró létí yín ó ń ka nọ́ńbà bánńkì fún yín, ó ní ẹ gbọdọ̀ há a sórí. Ìgbà tó ń fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ yín ya fọ́tò ẹ̀.

Ti ìkúnlẹ̀, ẹ máà mú un lọ o. Wọ́n ti ṣe é fún wa rí. Púrínsípà kó ọmọ mẹ́rin jáde ní àsẹ́ńbìlì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ mi níwájú gbogbo ilé-ìwé, gbogbo ilé-ìwé pàtẹ́wọ́, ariwo àtẹ́wọ́ yẹn ló mú kó bú sẹ́kún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti ń pè é ní Kábíyèsí. Kò sẹ́ni tó tún sún mọ́ ọn, wọ́n ní ẹni tó bá bá Kábíyèsí sọ̀rọ̀ á dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò bi ọmọ mi léèrè ohun tó fẹ́, ó sì dá mi lójú pé wọn ò tí ì bi T náà.

---

Tíṣà Kẹ́mísìrì (Abẹ́òkúta)

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń ṣe tíṣà, ọmọ 63 ló wà ní kíláàsì mi báyìí. Òfin kan wà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ó ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gba irú àwọn ọmọ yìí mọ́ra, kí wọ́n sì ní ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ yẹn nílé-ìwé tiẹ̀ kó bá mi kí i.

Ìyá, èmi náà jẹ̀bi o. Wọ́n ń fi ọmọ kan ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi àánú pariwo mọ́ wọn pé "Ẹ fi í sílẹ̀, ṣé ẹ ò mọ̀ pé kò pé bíi tiyín ni?" Mo rò pé mo gbèjà ẹ̀. Lóòótọ́ wọn ò bú u mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọn ò sì bá a gbá bọ́ọ̀lù mọ́, wọn ò mú un mọ́ gúrúùpù, wọn ò yá nóòtì ẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ nóòtì ẹ̀ ló mọ́ jù ní kíláàsì. Ẹnu tíṣà ni "kò pé" ti jáde, wọ́n bá gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo ti rí lára àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 nìyí. Tó bá ku ọmọ yín àti T nìkan ní láíbìrì, á bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, á tiẹ̀ yá a ní bírò. Kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì wọlé báyìí, ojú á yí padà kíá. Ọ̀pọ̀ wọn ò kórìíra ọmọ yẹn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé kí wọ́n má lọ ka àwọn náà mọ́ ọn. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ má dúró lórí T nìkan, ẹ bi í pé ta ni o ń ṣe sítíkà yẹn fún? Ta lo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín? Ibẹ̀ lẹ máa bá ọ̀rọ̀ gan-an.

Èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún mi ni kí n fi wọ́n sídìí iṣẹ́ tí ẹnì kan ò lè dá ṣe. Ẹ má fi ọmọ kan ṣe "olùtọ́jú" èkejì o, ìyẹn ti di iṣẹ́ àánú, àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn kí wọ́n rí àwọn níbi tí wọ́n ti ń ṣàánú. Níbi titration, iṣẹ́ láàbù tí a ti ń da ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú fìgò, ẹnì kan ń ka burette, ọ̀pá gíláàsì tó ní nọ́ńbà lára, ẹnì kan ń mi fìgò, ẹnì kan ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti "se" nọ́ńbà kó lè bá ti aládùúgbò mu. Mo fi ọmọ kan tó ní ọ́tísìm sídìí burette lọ́dún tó kọjá, kò se nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni, ohun tó rí ló kà, wọ́n bínú sí i bí nǹkan míì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí máàkì jáde, gúrúùpù mẹ́ta ló ń du ẹni tí á gbà á.

---

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o jàre. Ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì lèmi náà ti ń ṣiṣẹ́ níbí, TA ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tíṣà, mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìm nínú kíláàsì. Ẹ máà rò pé ti ìlú òyìnbó sàn ju tiyín lọ. Tó bá di 2 April, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ́tísìm láti 2008, a ó ṣe àsẹ́ńbìlì, a ó fi fídíò hàn wọ́n, wọ́n á pàtẹ́wọ́, àwọn kan á tiẹ̀ sunkún. Tó bá di àkókò ọ̀sán, ọmọ tí a torí ẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀ á tún jókòó níwájú èmi TA, a ó jọ máa jẹ sáńdíwíìṣì. Wọ́n mọ ìtumọ̀ ọ́tísìm o, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n nínú ìdánwò wọ́n á gbà á. Kí wọ́n jókòó tì í lèyí tó kù.

Ìwádìí kan wà tí Noah Sasson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2017, kò kúrò lọ́kàn mi rí. Wọ́n fi fídíò kúkúrú han àwọn èèyàn, ti àwọn tó ní ọ́tísìm àti ti àwọn tí kò ní, wọn ò sọ èwo ni èwo, wọ́n kàn ní ta lẹ máa fẹ́ bá jókòó, ta lẹ máa fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń fà sẹ́yìn fún àwọn tó ní ọ́tísìm. Wọ́n yọ àwòrán kúrò wọ́n fi ohùn nìkan sílẹ̀, bákan náà ló rí. Wọ́n fi fọ́tò lásán hàn wọ́n, bákan náà. Ìgbà tí wọ́n wá tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn náà sọ sórí ìwé, tí kò sí ohùn, tí kò sí ojú, ìyàtọ̀ náà pòórá. Ẹ ò rí i bí? Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò ní wàhálà kankan, bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn àti bí ohùn wọn ṣe ń lọ sókè sódò la fi ń lé wọn sẹ́yìn.

Ìyẹn ló jẹ́ kó máa bí mi nínú tí wọ́n bá ń mú ọmọ náà nìkan lọ kọ́ "bí a ṣe ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́". Connie Kasari àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní California fi ọmọ 60 dán an wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012, ọmọ pámárì ni o, kì í ṣe àwọn tó ti ń hu irùngbọ̀n. Wọ́n kọ́ àwọn kan nínú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìm fúnra wọn, níbòmíràn àwọn ọmọ kíláàsì tó kù ni wọ́n kọ́. Èyí tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ló so èso jù. Onímọ̀ kan, Damian Milton, tí òun fúnra ẹ̀ ní ọ́tísìm, ti kọ ọ́ lọ́dún 2012 kan náà pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, ọwọ́ méjèèjì ló ti ń wá. Ọmọ yín náà ò gbọ́ èdè T, ẹ ò kàn rí ẹni tó ń fún òun ní máàkì òdo lórí ẹ̀ ni.

Ìmọ̀ràn tèmi: tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì, kó kọ ọ́. Kó má lọ dúró níwájú ẹ̀ kó máa retí kí ó wo òun lójú. Kó kọ ọ́, kó fi ránṣẹ́, kó sì fún un láyè.

---

Mo Ń Kà Á Ni

Ẹ kú alẹ́. Mo ní ọ́tísìm. Ọmọ ọdún 22 ni mí, Poly ni mo wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọnú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti ń sọ lọ́wọ́, torí náà mo wọlé báyìí.

Mi ò kórìíra sítíkà. Mo fẹ́ kí èyí yé màmá yìí torí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ bíi pé sítíkà lohun tó burú. Ní SS2, gbogbo èèyàn ní gúrúùpù kíláàsì wa ló ní sítíkà. Ẹni tó sùn, ẹni tó ṣubú ní inter-house, captain tí ṣòkòtò ẹ̀ ya. Bí wọ́n bá ṣe tìẹ, ìwọ náà á ṣe tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni eré náà ṣe ń lọ. Tèmi pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣe ti ọmọkùnrin kan tó ti ṣe tèmi bíi mẹ́fà, gbogbo gúrúùpù dákẹ́, wọ́n ní "ah ah, ìwọ náà?", wọ́n yọ mí kúrò. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò sí nínú eré náà, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ni mí.

Nítorí náà ẹ bi ọmọ yín pé tí T bá ṣe sítíkà tiẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà yẹn, ọ̀kan péré. Kò ṣe nǹkan ńlá kankan. Tó bá fẹ́ ṣe àwàdà, lẹ́yìn tó bá ṣe é tán á ní "àwàdà ni o." Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ jù á ní "ó tó báyìí, jẹ́ n sọ tèmi." Kò fi mí ṣe ẹyin, a máa ń jà. Nígbà kan ó gba oúnjẹ mi jẹ mo sì fi ẹjọ́ ẹ̀ sun, ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́rin, inú mi dùn gan-an torí bó ṣe ń bínú sí gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan sí i. Ọmọkùnrin kan wà, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán tó yà sílẹ̀ l'Abuja ní 2 April 2025, ó ju 12,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, ó wọ ìwé Guinness pé òun ló tóbi jù lágbàáyé. Ó ní ọ́tísìm, ó gbìyànjú, mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn bíi ogún ló fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà pé "ìwọ náà lè ṣe é." Mi ò lè ya ewúrẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n bá T ṣọ̀rẹ́ torí ó lè di ẹni ńlá lọ́la. Ó lè má dì í.

Mo ti sọ̀rọ̀ tán.

---

Bàbá Òkè-Odò

Mo ka gbogbo ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo ti gba ẹgba méjìlá padà. Ti àjẹsára, ẹ ṣì jẹ́ n rò ó ná. Ìwọ ọmọ Poly yìí, o kú làákàyè o, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ.

---

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́rin, mo ní kí n wá jábọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo rán ọmọ mi létí ọjọ́ tí mo pe tíṣà wọn, mo ní ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ò dáa. Mo rò pé á ti gbàgbé. Ó ní "Mo rántí, ẹ̀bà ni mo ń jẹ." Mo wá bi í ní ìbéèrè Tíṣà, pé ta lo ń ṣe é fún? Ó dárúkọ ọmọ méjì, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò na án, mi ò sì tù ú nínú, mo kàn jókòó.

Ó kọ ọ́ sí gúrúùpù pé òun ti pa tòun rẹ́, kí àwọn tó kù náà pa á rẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni méjì tún fi sítíkà nẹ́tíwọ̀kì yẹn fèsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó dá jẹun ní bíréèkì, kò sọ fún mi, àbúrò ẹ̀ ló sọ ọ́.

Ó kọ̀wé sí T ní ìkọ̀kọ̀ bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe wí. Ọjọ́ méjì kò sí èsì, ó ń yẹ fóònù wò bí ẹni tó ń retí JAMB. Ohun tó wá dé nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà: "O.K. Má ṣe é mọ́. Èyí tó ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ kò tọ̀nà. Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ." Òun náà kà á fún mi sókè, ohùn ẹ̀ gé láàárín.

Mo pe ìyá T. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní èmi ni òbí àkọ́kọ́ ní kíláàsì yẹn tó pe òun rí. Mo ṣì ní kí n sọ ti JSS2 fún un. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ṣì máa sọ ọ́.

Mo bá tíṣà Jọ́gíráfì wọn sọ̀rọ̀, mi ò bá púrínsípà sọ nǹkan kan torí ọ̀rọ̀ Kábíyèsí yẹn. Àkókò òjò la wà, wọ́n ń wọn òjò nílé-ìwé, wọ́n gbé rain gauge sí ẹ̀yìn láàbù. Tíṣà fi ọmọ mẹ́rin sí i, ọmọ mi àti T wà níbẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí ẹjọ́! Aago mẹ́sàn-án ni kí wọ́n kà á, T ò gba mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì, ó ń pariwo mọ́ wọn, ó kọ orúkọ ẹni tó pẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Ọmọ mi ń délé ó ń fapá jánú, "Mummy, ọmọ yẹn ń yọ mí lẹ́nu!" Mo rántí ọmọ Poly, mo ní bá a jà nígbà náà. Ó lọ bá a jà. Wọ́n ti wá gbà pé ẹni tó bá pẹ́ á ra pọ́fupọ́fù.

Kí n má bù mọ́ ọn, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọmọkùnrin mìíràn kan tó wà nínú gúrúùpù òjò yẹn ni T ń bá jókòó ní bíréèkì báyìí, kì í ṣe ọmọ mi. Ti acoustic sì tún jáde lẹ́nu àbúrò ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló gbá a lórí kí n tó dìde.

Lánàá mo wà ní kíṣìnnì mo gbọ́ tí àkọ́bí mi ń pariwo ní pálọ̀. T ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ó bi í bóyá òun lè gbé e sí gúrúùpù. Sítíkà ni. Ọmọ tèmi ló wà níbẹ̀, ó sùn lórí tábìlì ní kíláàsì, ó la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ti dà sórí ìwé Jọ́gíráfì ẹ̀, T wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé: ÒJÒ ÒWÚRỌ̀ YÌÍ, 4 MM.

Ó wò ó títí. Ó ní kó gbé e síbẹ̀. Bàbá ẹ̀ tó ní eré ọmọdé ni rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.